Ẹ̀yin Ìyá, Ẹ Jókòó Ná

Nílé rédíò kan ní Savalou, fèrèsé kékeré kan wà níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbé ìkéde òkú wá. Ẹni tó bá gbé e wá yóò dúró síta, yóò na ìwé rẹ̀ gba àárín irin fèrèsé náà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yóò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní kọ́kọ́ wo orúkọ olóògbé. Kò ní béèrè ọjọ́ ìsìnkú. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ìyá ńkọ́? Ó ti gbọ́?"

Bí wọ́n bá ní ìyá olóògbé ti kú tipẹ́, yóò ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí wọ́n bá ní ìyá wà láàyè ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́, yóò dá ìwé náà padà. "Ẹ lọ sọ fún un ná. Ọ̀dọ̀ mi kọ́ ló yẹ kó ti gbọ́ ọ." Mo gbé iṣu lọ fún un láti Lougba lọ́jọ́ kan, mo sì bá ọkùnrin kan tó wá láti Tchetti níbi fèrèsé náà, inú ń bí i gidigidi. Ó ní láti ìdájí lòun ti wà lórí alùpùpù, pé eruku ọ̀nà ti bo òun, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kà á kí òun lè máa lọ.

"Olóògbé jẹ́ kí ni sí ọ?" Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Àbúrò mi ni. Ọmọ ìyá mi."

"Ìyá tìrẹ ni ìyá rẹ̀ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O wá gun alùpùpù láti Tchetti dé ibí, pé kí n bá ọ sọ fún ìyá rẹ ohun tí ìwọ ò lè sọ fún un."

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bu omi fún un, ó mu ún, ó sì padà sọ́nà tó gbà wá. Lẹ́yìn tí ó sọ fún ìyá rẹ̀ tán, wọ́n ka ìkéde náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí. Nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ka ìkéde ọmọkùnrin kan láìbéèrè ohunkóhun. Ìyá ọmọ náà wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo, ó ń dúró de ìyẹ̀fun rẹ̀, rédíò ẹni tó ni ẹ̀rọ náà sì ń sọ̀rọ̀ lórí ògiri. Obìnrin náà rìn wá sílé rédíò pẹ̀lú ìyẹ̀fun lápá. Gbogbo wọn rò pé èpè ló fẹ́ wá ṣẹ́. Kò ṣẹ́ èpè kankan. Ó ní, "Tún un kà fún mi. Ẹ̀rọ ń pariwo, mi ò gbọ́ ọ dáadáa." Ẹ̀gbọ́n tún un kà, díẹ̀díẹ̀, láti inú fèrèsé, obìnrin náà sì dúró ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ò tíì kà á dé òpin tí obìnrin náà fi ṣubú.

Láti ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n kì í ti í ka òkú kankan kí ó má kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jókòó ná." Yóò dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n fa àpótí wọn jáde, kó tó bẹ̀rẹ̀. Láti Bantè dé Djaloukou, mo mọ̀ pé àwọn obìnrin máa ń jókòó lóòótọ́. Èmi náà máa ń jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ìtàn obìnrin oníyẹ̀fun náà fún wa, níbi tó ti ń fọ ọwọ́ láti jẹun, kò sì tún sọ ọ́ mọ́.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni mí. Ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ, nítorí náà mi ò pè é lórúkọ rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Ọkọ mi ń ṣe olùkọ́ ní Bantè, ó ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Èmi ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn ní Lougba, mo ń ránṣọ. Rédíò tí Ẹ̀gbọ́n rà fún Ìyá wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ọ̀pá eríà rẹ̀ ti kán, a fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń wá. A máa ń gbọ́ alùpùpù rẹ̀ kí a tó rí i, Ìyá yóò sì ti gbé iṣu kaná fún un. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí ẹni ń nájà ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Gbogbo ayé lò ń kí lórí rédíò, o ò kí mi rí."

"Ìyá, tí mo bá kí yín, wọ́n á ní ìyá mi ló ni ilé rédíò."

"Ṣé èmi kọ́ ni mo ni ọ́ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ni mí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni makirofóònù."

Ìyá yóò ju èèpo iṣu lù ú. Bàbá arúgbó kan wà ní àgbàlá kejì tó máa ń tọ̀ wá wá tó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń bá a sọ: "Tí mo bá kú, ìwọ ni kó o kà mí o. Má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọdé tó ń sáré yẹn kà mí." Ẹ̀gbọ́n yóò ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ kú ná, ká wò ó." Bàbá yóò rẹ́rìn-ín títí ikọ́ yóò fi gbé e. Bàbá náà ṣì wà láàyè. Abẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ ló ń jókòó sí, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà mọ́.

Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n kú. Ó parí ètò àárọ̀, ó dìde lórí àga, ó sì ṣubú. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ti kú nílé ìwòsàn kí ọkọ mi tó dé ibẹ̀.

Àwọn àgbà ẹbí pàdé ní Bantè. Wọ́n pè mí pé kí n wá máa bu omi fún wọn, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, orí Ìyá ló dá lé. Nínú ẹbí wa, obìnrin tí ọmọ rẹ̀ bá kú, ẹni tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà ni í sọ fún un. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Nínú gbogbo ọmọ ìyá Ìyá, ẹnì kan ṣoṣo ló kù, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń dáko ní apá Ṣakí ní Nàìjíríà. Tẹlifóònù rẹ̀ ò lọ. Wọ́n ti rán ènìyàn sí i. Ṣùgbọ́n òkú ò lè máa dúró, àwọn èèyàn sì gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ ìsìnkú, nítorí ẹni gbogbo ilẹ̀ yìí ni Ẹ̀gbọ́n. A ó kéde lórí rédíò. Ìyá sì ń gbọ́ rédíò láràárọ̀.

Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, tí a ń pè ní àgbà ẹbí, ló rí ọ̀nà rẹ̀. Ó ní, "Èdè mẹ́ta ni wọ́n fi ń ka òkú níbẹ̀. Kí wọ́n ka ti Faransé, kí wọ́n ka ti Mahi. Kí wọ́n fi ti Ìṣà, èdè tiwa, sílẹ̀ títí àbúrò rẹ̀ yóò fi dé."

"Orúkọ ńkọ́?" ẹnìkan béèrè. "Ní èdè yòówù kí wọ́n pè é, yóò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀."

"Nínú ti Faransé, kí wọ́n pe orúkọ inú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ṣé Ìyá mọ ìyẹn? Nínú ti Mahi, kí wọ́n pe ìnagijẹ tí àwọn Mahi fún un." Àwọn Mahi tó ń gbọ́ rédíò náà ní orúkọ kan tí wọ́n ń pè é ní èdè wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ẹni Tó Ń Sọ Ọ́ Jẹ́jẹ́.

"Tí Ìyá bá wá gbọ́ Mahi ńkọ́?"

"Obìnrin Lougba!" Àgbà ẹbí rẹ́rìn-ín díẹ̀, àwọn tó kù náà rẹ́rìn-ín. "Ìdí iṣu ló dàgbà sí. Níbo ni yóò ti gbọ́ Mahi?"

Kò sí ẹni tó bi mí, èmi tí mò ń bá a gbé. Bí wọ́n tilẹ̀ bi mí, ohun kan náà ni ǹ bá sọ. Mi ò gbọ́ Mahi lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ọkọ mi àti àgbà ẹbí ló gbé ìwé náà lọ sí Savalou. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ló jókòó sídìí fèrèsé. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó gba ìwé náà, ó sì béèrè ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ pé kó máa béèrè: "Ìyá ńkọ́? Ó ti gbọ́?" Ọkọ mi ní àgbà ẹbí ló dáhùn. Ó ní, "Kò gbọ́ Mahi." Ọmọ náà wò wọ́n títí, lẹ́yìn náà ó gbé ìwé náà wọlé.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣọ́ Ìyá. Kí n sọ pé Ẹ̀gbọ́n lọ sí Cotonou láti kọ́ iṣẹ́ sí i. Kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún wọ àgbàlá. Mo bi ọkọ mi bóyá kí n yọ bátìrì rédíò. Ó ní rárá, pé bí rédíò yẹn bá dákẹ́ nínú ilé yìí, Ìyá yóò mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Mi ò rí nǹkan kan tí mo lè ṣe tí kò ní tú àṣírí náà, nítorí náà mi ò ṣe nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kà á, Ìyá dúró nínú oòrùn, ó ń sá gbodo, iṣu gbígbẹ tí a fi ń ṣe èlùbọ́, sórí páànù. Orin ètò náà bẹ̀rẹ̀, ohùn Ẹ̀gbọ́n sì jáde: "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jókòó ná." Wọ́n ti gbà á sílẹ̀ látijọ́, nítorí àwọn ọjọ́ tó bá pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́. Kò sí ẹni tó rántí yọ ọ́ kúrò, tàbí kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbà á láti yọ ọ́. Ìyá nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó fa àpótí rẹ̀, ó jókòó.

Wọ́n ka ti Faransé. Ìwé girama tí mo kà tó kí n gbọ́ gbogbo rẹ̀, orúkọ inú káàdì, ọjọ́ ìsìnkú, ibi tí wọn yóò sin ín sí. Ìyá ń na ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bọ́ sí Mahi. Mahi tèmi kò ju ti ọjà lọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìnagijẹ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi kíkankíkan kí ariwo rẹ̀ lè bo ohùn ọmọ náà. Kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mi ò wo ojú Ìyá.

Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó pè mí.

"Ìyàwó."

"Ìyá."

"Kí ni ọmọ yẹn ní? Ẹ̀rọ rẹ ń pariwo, mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

"Ó ní àwọn olóko kaju fẹ́ ṣèpàdé ní Savalou, Ìyá."

Ìyá gbé ojú sí rédíò náà. "Olóko kaju," ó ní. "Ó dára. Kí Ọlọ́run mú wọn débẹ̀." Ó dìde, ó sì padà sídìí gbodo rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi dé, kò gbé iṣu kaná fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé nítorí pé mo ti sọ pé Ẹ̀gbọ́n wà ní Cotonou ni. Obìnrin aládùúgbò kan wọlé, ó ti ń kí bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Ìyá, ẹ kú..." Ó rí ojú mi, ó sì dákẹ́.

"Ẹ kú kí ni?" Ìyá bi í.

"Ẹ kú ọyẹ́, Ìyá."

"Ọyẹ́ ọdún yìí le," Ìyá ní. "Ó ń gba omi lójú ènìyàn." Ó sì fi etí ìró nu ojú rẹ̀. Ó ti ń nu ojú bẹ́ẹ̀ láti ìjelòó, mo sì gbà pé ọyẹ́ ni. Eruku wà lójú gbogbo wa.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo Lougba ló wọ ọkọ̀ àti sẹmijan, alùpùpù akérò, lọ sí Savalou. Lọ́dọ̀ wa, ìyá kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ibojì rẹ̀. Ìyẹn kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti lóye. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ní láti wà pẹ̀lú Ìyá, èmi sì ni. Mo fẹ́ lọ. Mo fẹ́ rí i, kódà bí ó bá jẹ́ láti òkèèrè. Àwa méjèèjì la jókòó nínú ìlú tó pa rọ́rọ́, rédíò ń sọ̀rọ̀ ní Faransé, àwọn èèyàn ń tẹ̀lé ara wọn láti sọ irú èèyàn tí Ẹ̀gbọ́n jẹ́. Mo na ọwọ́ láti dín in kù.

"Fi í sílẹ̀," Ìyá ní. "Mo fẹ́ máa gbọ́ ohùn wọn."

Ó ní kí n gbé oúnjẹ wá. A jẹun nínú abọ́ kan náà, ó ń ju ẹran sí iwájú mi. "Jẹun, Ìyàwó. O ti rù." Mo jẹ ẹ́. Mo fi ipá gbé e mì, mo sì rò pé èmi nìkan ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni àbúrò Ìyá tó ti Ṣakí dé, eruku láti orí dé ẹsẹ̀, ó ti ń sunkún kó tó bọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà mú un wá. Wọ́n tẹ́ ẹní. Wọ́n gbé omi sílẹ̀. Ó jókòó ti Ìyá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn bí wọ́n ṣe ń ṣe é: pé ọmọ náà ń ṣàìsàn, pé wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, pé àwọn dókítà gbìyànjú. Ìyá ń wo ẹnu rẹ̀. Kò dá a dúró níbi kankan. Nígbà tí ó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, Ìyá ké. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ké títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ, àbúrò rẹ̀ dì í mú, àwọn àgbà sì ń mi orí. Bí wọ́n ṣe ń lọ, àgbà ẹbí fi ọwọ́ kàn mí léjìká. "O ṣeun," ó ní. "A ṣe é bó ṣe yẹ. Kò kàn án létí kí ẹni tó tọ́ tó sọ ọ́."

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ ṣì ń sùn nínú ilé. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi láìránṣọ. Ìyá jáde, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há pátápátá.

"Djaloukou ni mo dàgbà sí," ó ní.

Mo wò ó.

"Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin. Ó fẹ́ ọkùnrin Mahi. Mahi ni mo fi ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ jà, òun náà ni mo fi ń tajà. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi mí fọ́kọ ni wọ́n mú mi wá sí Lougba. Kò sí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ níbí, ó sì dákẹ́ sí mi nínú."

Gbogbo àárọ̀ yẹn padà wá sójú mi: páànù, gbodo, ẹsẹ̀ mi tó ń tẹ ẹ̀rọ lásán.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ fún ta ni? Ìwọ ni mo bi léèrè."

Obìnrin oníyẹ̀fun ni mo ń rí. Ó béèrè pé kí wọ́n tún un kà, Ẹ̀gbọ́n sì tún un kà fún un. Ìyá Ẹ̀gbọ́n béèrè lọ́wọ́ mi, mo sọ̀rọ̀ kaju fún un.

"Mi ò bínú," ó ní. "Ẹnu wọn ló wà lẹ́nu rẹ. Bí mo bá ké kí ọmọ ìyá mi tó dé, wọn á ní ìwọ lo sọ fún mi. Wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́ láéláé. Mo gbé e mì." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn sáré jù. Ọmọ mi kì í sáré. Wọn ò sì pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ tí èmi fún un, kò sí ẹni tó pè é nínú gbogbo èdè yín. Kà á fún mi."

"Ìyá..."

"Kà á, bí òun ì bá ṣe kà á. Mo ti jókòó."

Mo mọ bó ṣe ń kà á. Láti ọdún pípẹ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ láràárọ̀, mo lè ka òkú ẹnikẹ́ni lójú oorun. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni orúkọ olóògbé. Mo la ẹnu, kò jáde. Mo tún la ẹnu. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí ni mi ò ti pe orúkọ yẹn rí. Ìyá rí i.

"Mo yọ̀ǹda fún ọ," ó ní.

Síbẹ̀ kò jáde. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Ó wà lórí ahọ́n mi, kò sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Níkẹyìn Ìyá fúnra rẹ̀ ló pè é. Ó pè é jẹ́jẹ́, odidi rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ọmọ tó ń ṣeré lọ́nà jíjìn pé kó wálé. Ó sì fi orí sọ fún mi pé kí n máa bá a lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Mo kà á díẹ̀díẹ̀, láìsáré, ìlú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ilé tí ó ti jáde wá, àwọn tó fi sílẹ̀ sáyé. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń sọ pé ìyá rẹ̀ wà ní Lougba, mo dúró. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọjá ibẹ̀. Ìyá ò sọ pé kí n kọjá. Ó kàn jókòó, ó ń dúró, gbodo tí a sá sórí páànù ti gbẹ tán, kò sí ẹni tó dìde láti kó o.